Olúgbódi àti Kantíkantí

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan ní Aradagun, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọmọ ẹlẹ́mu tí ó gbé igbá wá fún mi ní ìka mẹ́fà ní ọwọ́ ọ̀tún. Olúgbódi ni orúkọ tí ó mú ti ọ̀run wá. Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà, ọkùnrin kan tí a jọ ń mu ẹmu rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ọmọ náà ni ó mọ ohun tí òun ṣe nígbà tí ó lóyún. Ọmọ náà gbọ́. Ó sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù.

N kò rí èsì fọ̀. Kantíkantí ń fò yí igbá mi ká, àwọn ni mo sì ń wò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ara eṣinṣin wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni èsì náà wà, ìtàn rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Drosophila melanogaster, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ kí ó tó tàn ká ayé. Ìyẹ́ méjì ni ó ní. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pá kéékèèké méjì olórí rogodo wà, tí ń mú un dúró ṣinṣin bí ó bá ń fò. Ní ọdún 1915, Calvin Bridges, ọmọ ẹ̀yìn T. H. Morgan ní Yunifásítì Columbia ní New York, rí ọ̀kan tí ọ̀pá rẹ̀ ń fẹ́ di ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni Edward Lewis, ní California, sin irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra títí ó fi rí eléyìí tí ó ní ìyẹ́ mẹ́rin gbáko.

A máa ń rò pé ẹ̀yà ara ń hù nítorí pé a pàṣẹ pé kí ó hù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1961, François Jacob àti Jacques Monod ní Paris fi hàn, lára àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, pé nínú àwọn jíìnì, èyíinì àṣẹ tí ọmọ ń jogún lára òbí, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dá ẹlòmíràn dúró, bí oníbodè. Ní ọdún 1978, Lewis kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ti eṣinṣin. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ìgbàanì ní ẹsẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn, àwọn ìran tí ó tẹ̀lé wọn sì ní ìyẹ́ mẹ́rin. Oníbodè ni ó dé tí ó ní kí ẹsẹ̀ má hù ní ikùn mọ́, kí ìyẹ́ kejì sì di ọ̀pá. Bí oníbodè bá kú, ohun àtijọ́ a tún yọjú. Ní ọdún 1995, Lewis gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus.

Ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Oníbodè kan wà ní ìyẹ́ eṣinṣin tí à ń pè ní cubitus interruptus. Bí kò bá lè dá nǹkan dúró mọ́, apá iwájú ìyẹ́ a hù ní àhùjù. Ìbátan rẹ̀ lára ènìyàn ni GLI3. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ ṣì jẹ́ kókó kékeré nínú oyún, GLI3 ń ká híhù lọ́wọ́ kò kí ìka má bàa ju iye rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé GLI3 ni ó bàjẹ́ lára àwọn kan tí a bí pẹ̀lú ìka tí ó lé. Òun nìkan kọ́ ni ó ń fa ìka mẹ́fà. Ṣùgbọ́n irú àjogúnbá bẹ́ẹ̀ lè ti ọ̀dọ̀ baba wá bí ó ti lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kò sí níbẹ̀.

Mo padà sí Aradagun láti sọ fún ọmọ náà pé oníbodè tirẹ̀ ni ó tòògbé díẹ̀. Ó ronú, ó ní, "Bàbá ni wọ́n jẹ́ kó wọlé?" Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń sin eṣinṣin yìí fún ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ ohun tí a bá rí ní èdè wa, kí ó lè dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu.