Ìlù Tí Mo Gbọ́ Kí N Tó Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹsẹ Ifá ni mo sábà máa ń túmọ̀ fún yín. Lónìí, ohun tí n kò lè túmọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohùn ìlù kan ni, tí mo gbọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún kí n tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Òun ni ohun tí ó pẹ́ jù lọ tí mo rántí láyé mi. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí ìlù náà ń wí.

Ohùn méjì ni ó wà ní ìgbà èwe mi, ó sì yẹ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ohùn ìrọ́kẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, bàbá mi a tẹ́ ẹní, a gbé ọpọ́n kalẹ̀, a sì máa fi ìrọ́kẹ́ kan etí ọpọ́n bí ó ti ń júbà. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kì í ti í rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn odó.

Èkejì ni ohùn ìlù, èyí sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ ọdún Ifá ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà, ó fi ọ̀já gbà mí mọ́ra pinpin, mo sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin lu ìlù ní iwájú ilé. Kí ó tó dé etí mi, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ọ̀pá kan awọ, ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀: re mí mí, dò dò mí. Re mí mí, dò dò mí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, èmi náà sì ń mì. N kò rántí ojú ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ náà. Ohùn mẹ́fà yẹn nìkan ni ó kù.

Ìlù tí wọ́n ń lù ni ìpèsè. Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ dùndún àti bàtá, ṣùgbọ́n tí kò rí ìpèsè rí. Olúkúlùkù òrìṣà ni ó ní ìlù tirẹ̀: Ọbàtálá ní ìgbìn, Ṣàngó ní bàtá, Ògún ní àgẹ̀rẹ̀. Ti Ifá ni ìpèsè. Ọlọ́lá jù lọ Tìmì Láoyè Kìíní, ọba Ẹdẹ, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbóǹtagí onílù, to ọ̀wọ́ ìlù wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ nínú ohun tí ó kọ nípa ìlù Yorùbá ní àwọn ọdún 1950. Nínú ọ̀wọ́ ti Ifá, ìpèsè ni ìyá ìlù. Àféré, àràn àti agogo ni wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹsẹ Ifá ti pàdé àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ ni ó ń parí síbì kan náà: ẹni tí a dá Ifá fún rúbọ, ẹbọ rẹ̀ dà, ó wá ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ifá ti máa ń dárúkọ agogo ní Ìpóró àti àràn ní Ìkijà. Àwọn òǹkàwé mìíràn a máa ka ibẹ̀ kọjá bí ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìlù dúró sí nínú ẹsẹ: ẹ̀yìn ẹbọ ni. Ìlù Ifá ni ẹ̀rí pé ọ̀ràn tí a gbé wá ti yanjú.

Bí bàbá mi ṣe túmọ̀ ìlù náà bá èyí mu. Nígbà tí mo dàgbà tó láti béèrè, ó ní ohun tí ìpèsè ń sọ ni pé, "Ifá dé, ọ̀rọ̀ tán." Ó sọ ọ́ bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ti ara rẹ̀. Nígbà tí mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, mo gbọ́ tí ó ń fi ohùn kan náà rẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún. Ó ń sọ fún un pé, "A délé, òjò dá." Mo ní, "Ìyá mi, ìlù Ifá nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ ìyẹn, ohun tí àwọn obìnrin ilé gbọ́ nínú ìlù náà nìyẹn láti ìgbà tí òun ti wọ ilé bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, òun ni àwọn sì fi ń pọn ọmọ.

Ìtumọ̀ kẹta ni ó dà mí láàmú. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, mo lọ kí ìyá àgbà kan ní ìdílé àwọn onílù náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo fi ìka lu àpótí tí mo jókòó lé, mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Awo, ẹ má lu ìyẹn ní òru." Ó ní ìyá ìyá òun ni ó kọ́ òun ní ohun tí ó ń wí: "Ilé tú, ọ̀nà dí."

Ẹ fi ahọ́n yín wọn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ifá dé, ọ̀rọ̀ tán. A délé, òjò dá. Ilé tú, ọ̀nà dí. Sílébù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n, ohùn wọn kò sì yàtọ̀ síra níbì kankan: ohùn àárín, ohùn òkè méjì, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ohùn òkè. Ìlù kì í pe kọ́ńsónáǹtì, kì í pe fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ń gbé. Nítorí náà, ìlù kan lè jẹ́ ayọ̀ létí ẹnì kan, kí ó jẹ́ ọ̀fọ̀ létí ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì má sì purọ́. Ìran wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìlù ṣe àmì ìdánimọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù náà ń sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn aráàlú fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwọn sí i, wọ́n sì ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ ìtàn ìlù nìkan ni ó lè sọ ohun tí onílù ní lọ́kàn.

Kí ni ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn? Ó lè jẹ́ ti àtijọ́ gan-an. Ìtàn wa sọ pé Fágbàmílà Àjàgúnńlá, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ọpẹ́ fún Ifá, ni ó kó àwọn baba wa jáde ní Ilé-Ifẹ̀, àti pé ogbó tí Odùduwà fún un ni ó ń júwe ọ̀nà; láti inú "ogbó mọ̀nà" ni a ti ń pe ara wa ní Ìgbómìnà. Ìtàn kan náà sọ pé ìdílé ọba pín ní Ìlá Yàrà, apá kan gba Òkè-Ìlá lọ, apá kejì sì wá sí Ìlá tí a wà yìí. Ìyẹn náà jẹ́ ilé tí ó tú.

Ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ̀ kò bá Ìlá Yàrà. Ogun ni ó bá. Ní ọ̀rúndún 19, ilẹ̀ Ìgbómìnà wà láàárín Ìlọrin ní apá kan àti Ìbàdàn ní apá kejì, àwọn méjèèjì sì gun orí wa kọjá. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dìde sí Ìbàdàn, Ìgbómìnà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká ní bùdó títí di 1893. Láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni bùdó wọn wà, kò sì jìnnà sí wa. Ẹ sì rántí pé orúkọ tí a fi ń pe ogun náà títí di òní, Kírìjì, ohùn ni: ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín àwọn òkè. Ọmọdé tí ó dàgbà nígbà náà, ìró yẹn ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ó rántí, gẹ́gẹ́ bí ìpèsè ti jẹ́ fún mi. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ re mí mí, dò dò mí, ta ni yóò sọ fún un pé òjò ni ó dá?

Ẹ ó bi mí pé, èé ṣe tí n kò bi onílù fúnra rẹ̀? Ẹ̀bi mi nìyẹn. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ Ifá ní ọmọ ọdún 8, mo sì lo ọdún 12 lọ́wọ́ olúwo mi. Mo gbé àpò rẹ̀, mo já ewé, mo kọ́ ẹsẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní gbogbo ọdún Ifá, èmi ni mo ń lu agogo, ẹ̀gbẹ́ onílù ìpèsè gan-an ni mo sì ń dúró sí, èjìká mi ń kan èjìká rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà onísùúrù ni, ìbá dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ti gbà pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí bàbá mi ti sọ fún mi. Lójú mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu awo ni ẹ̀kọ́. Ìlù, ti ìdílé Àyàn ni. Ó kú nígbà tí mo wà ní ìrìn àjò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti di tísà àti awakọ̀. Kò sí èyí tí ó kọ́ ìpèsè nínú wọn.

Ó sì ní ìdí tí ìpèsè fi tètè dákẹ́ ju ìlù mìíràn lọ. Dùndún rí iṣẹ́ níbi gbogbo: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ààfin, àní inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpèsè kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọdún Ifá lọ, ọjọ́ díẹ̀ sì ni ìyẹn nínú ọdún kan. A ti kọ ẹsẹ Ifá sínú ìwé. Ní 1968 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo ayé. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ ni a kọ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rántí láti kọ ohun tí ìlù ń wí nígbà tí ẹsẹ bá parí.

Ní ọdún Ifá tí ó kọjá ní agbo ilé wa, fóònù ni wọ́n so mọ́ gbohùngbohùn, ìlù dùndún láti ìlú mìíràn ni ó sì ń dún. N kò bínú, àwọn ọmọ fẹ́ jó. Mo jókòó, mo ń fi ọ̀pá agogo kan ilẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin gbọ́ ọ, ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ̀yin ń lù yẹn ń sọ?"

Mo ya ẹnu láti sọ ti bàbá mi fún un, ẹnu mi kò gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ Ifá tí ó tẹ̀ lé e, mo dá ìbò. Mi ò bi Ifá ní ohun tí ìlù ń wí. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí n ti fi ẹnu mi ṣe nígbà tí onílù wà láàyè. Ohun tí mo béèrè ni pé, ṣé kí n mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, kí n fi kọ́ àwọn ọmọ? Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni rárá. Egungun ni Ifá mú.

Nítorí náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kọ́ ọmọ náà, mo sì sọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un: ti bàbá mi, ti ìyá mi, ti ìyá àgbà. Ìyá mi ni ó fẹ́ràn jù. A ti sọ awọ tuntun sórí ìpèsè náà, ọmọ-ọmọ onílù kan sì ti ń wá ní ìrọ̀lẹ́ láti fi ọwọ́ kọ́ ọ. Kò tíì dún dáadáa.

Ẹ̀yin tí onílù ṣì wà ní agbo ilé yín, ẹ dìde lọ bá a lónìí, kí ẹ bi í pé, "Bàbá, kí ni ẹ ń wí?" Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí ẹ má gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Kí ẹbọ ó fín, kí ẹbọ ó dà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.