Ọyẹ́, Iná àti Ẹ̀yìn Ìyá: Ìtọ́jú Ọmọ Tuntun Lásìkò Òtútù ní Gúúsù Èkìtì

Ọyẹ́ ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe afẹ́fẹ́ gbígbẹ, eléruku, tó máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà láàárín ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ọdún, tó máa ń mú kí ètè bó, kí gìgísẹ̀ sì là. Òjò dídì kì í rọ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ga ju mítà 250 lọ sókè ìtẹ́jú òkun, àwọn òkè olókùúta bíi Olósùnta àti Òròlé sì dúró ti ìlú Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, oòrùn ọ̀sán a máa jóni, síbẹ̀ òtútù ìdájí a máa lé àgbàlagbà lọ sídìí iná. Ọmọ tuntun kò lè rìn dé ìdí iná, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kò tí ì mọ bí a ṣe ń gbọ̀n, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ara àgbàlagbà ń gbà mú ooru jáde. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, Ẹmùrẹ́ àti Àgbàdo, ohun tó dá ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí láyé àtijọ́ kì í ṣe ọ̀pọ̀ aṣọ, nítorí aṣọ kò pọ̀, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ilé àti iye ènìyàn tí ọwọ́ wọn kò kúrò lára ọmọ.

Kí owó kòkó tó mú páànù wọ ìgboro, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé ní ìpele ìpele, ògiri rẹ̀ máa ń nípọn, ewé gbòdògì tí wọ́n ká nínú igbó ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀, etí òrùlé a sì fà wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti tẹrí ba. Ní agboolé àwọn ọba àti ìjòyè, yàrá máa ń yí akòdì po, ìyẹn àgbàlá àárín ilé tí òrùlé ọ̀tún, òsì, iwájú àti ẹ̀yìn jọ ń da omi òjò sí. Yàrá kì í sábà ní fèrèsé, bó bá sì ní, kì í tóbi. Àwọn wolé-wolé, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìgbà ìjọba amúnisìn tó ń yẹ ilé onílé wò, ka òkùnkùn yìí sí àléébù, ẹjọ́ wọn kò sì jẹ̀bi tán. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ti mu oòrùn láti àárọ̀ kì í tètè tutù lóru, òrùlé ewé kì í sì í gba òtútù wọlé bí irin. Iná igi tí kì í kú nínú yàrá abiyamọ ń mú ibẹ̀ móoru, èéfín rẹ̀ sì ń lé kòkòrò kúrò nínú ewé òrùlé. Èéfín kan náà ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, kò sì sí àní-àní pé ó dá kún òtútù àyà, àìsàn mímí tó máa ń pa ọmọdé lọ́pọ̀lọpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ kúrò nínú yàrá yìí ní ètò tirẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà àti òpìtàn tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á sì gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí omi tó ń kán sílẹ̀ lè ta sí i lára. Ọmọ á ké, àwọn ẹbí á sì hó fún ayọ̀. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí àárín ọyẹ́, òtútù àkọ́kọ́ tí ọmọ mọ̀ láyé nìyẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kàn án ni, ní ìṣẹ́jú kan péré, lójú gbogbo ẹbí. Àṣà náà nílò òrùlé tó rẹlẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé kò rọrùn mọ́ láti ṣe é lábẹ́ páànù ilé alájà.

Ìwẹ̀ ni iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù, ìyá àgbà ló sì ni ín, yálà ìyá ọkọ tàbí ìyá tó bí abiyamọ. Yóò jókòó sórí àpótí kékeré, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, yóò sì fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nínà: yóò fa ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì kí wọ́n kọjá lára ara wọn, yóò sọ ọmọ sókè hán an, yóò na àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sí iná kí ó gbóná, yóò sì fi tẹ ìdodo àti àtàrí ọmọ díẹ̀díẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá ti dí ọmọ nímú, ẹnu ni ìyá àgbà fi ń fa ikun náà, tí yóò sì tu ú dànù.

Òróró ló ń tẹ̀ lé omi. Àdín ni ti ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pẹ kò wọ́n níbẹ̀: wọ́n á dín èkùrọ́ nínú ìkòkò títí yóò fi dúdú, tí òróró yóò sì máa yọ jáde lára rẹ̀. Wọ́n tún máa ń lọ osùn, ìyẹ̀fun pupa tó ń wá láti ara igi, wọ́n á pò ó mọ́ àdín, wọ́n á sì fi kun ìyá àti ọmọ. Òrí ní tirẹ̀ jẹ́ ọjà òkèèrè, nítorí igi emi tí ń so èso rẹ̀ kì í hù nínú igbó gúúsù Èkìtì. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò apá Ìlọrin àti ilẹ̀ Nupe ló ti ń wá. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, òrí a máa le gbagidi nínú igbá, kí ìyá àgbà tó lè fi pa ọmọ lára ó ní láti kọ́kọ́ rà á mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi yọ́.

Síbẹ̀, ilẹ̀ ni àwọn ìyá bẹ̀rù ju afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé òtútù ilẹ̀ ló ń wọ ara ọmọ tó sì ń fa gìrì, àìsàn tó ń mú kí ọmọ gan kí ó sì yí ojú sókè. Ibà gíga ni àwọn dókítà mọ̀ sí okùnfà rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe sì ti pa ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí kò tọ̀nà yìí bí ìwà kan tó ṣe ọmọ láǹfààní: wọn kì í fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ̀yìn ni ibùgbé rẹ̀. Ọ̀já, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dì lé ìró tí wọ́n fi pọn ọmọ, ń so àyà ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n, ara a sì máa mú ara móoru. Kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun nílé, ni wọ́n sábà fi ń bò ó lé e lórí. Ìyá nìkan kọ́ ló ń pọn ọmọ. Ìyàwó ilé ń pọ̀n ọ́n, ìyá àgbà ń pọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ náà ń pọ̀n ọ́n kiri àdúgbò. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí wọ ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹ̀yìn wọn nílé mọ́ láàárọ̀, ní wákàtí tí òtútù ń mú jù. Àwọn tó ń kọ ìtàn ètò ẹ̀kọ́ yẹn kì í sábà ka èyí mọ́ ohun tó yí padà.

Ìyípadà mìíràn ti ṣáájú. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930 tó sì tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé Èkìtì kọ àgbo sílẹ̀, kí wọ́n sì gba omi tí wọ́n gbàdúrà sí. Owó kòkó mú páànù àti símẹ́ńtì wá, tí kì í pa ooru ọ̀sán mọ́ dòru. Òwú wúùlù, súwẹ́tà àti fìlà híhun wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ògiri amọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1956, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, tó ń bá ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọmọdé ní Ìmèsí-Ilé. Ó rí i pé èèyi, àrùn tó máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ń pa ọmọ tí àìjẹunkánú ti sọ di aláìlera ju èyí tó sanra lọ, ó sì dá káàdì sílẹ̀ tí ìyá fi ń rí bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i lóṣooṣù. Káàdì náà tàn káàkiri ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìjẹunkánú wà lára ohun tí wọ́n ti ń fi sọ́rùn ọyẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Láàárín àwọn ọdún náà, àwọn tọkọtaya Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù pàdé òtútù tó ju ọyẹ́ lọ. Ìgbà òtútù 1962 sí 1963 le débi pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú rẹ̀ fún ohun tó lé ní igba ọdún, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi sítóòfù kẹrosín mú gbóná sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè san owó rẹ̀. Aṣọ wúùlù wà níbẹ̀, ìyá àgbà ni kò sí, nígbà tí ọkọ àti ìyàwó sì jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń kàwé, ọ̀pọ̀ wọn kó ọmọ fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́ nítorí owó. Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní 1967, tí wọ́n sì fún ìdílé kan ní Tilbury nígbà tó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù ní 2018.

Ìṣègùn òde òní náà wá padà sórí ooru ara ìyá: ní 1978, Edgar Rey, dókítà ọmọdé ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, níbi tí ẹ̀rọ ìmúmóoru kò ti tó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí àyà ìyá, awọ sí awọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti gba ọ̀nà náà wọlé. Àwọn ìyá àgbà Èkìtì kò rí nǹkan tuntun nínú rẹ̀, àfi pé iwájú ni wọ́n gbé ọmọ sí dípò ẹ̀yìn. Ìwẹ̀ ọjọ́ ìbí ni wọ́n ṣì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì fà: Àjọ náà ní kí wọ́n dúró di wákàtí 24 kí omi tó kan ọmọ, nítorí ọ̀rá funfun tó bá ọmọ wáyé ń dáàbò bo awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà gbà pé ọmọ tí wọn kò bá fọ ọ̀rá náà kúrò lára rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ara rẹ̀ yóò máa rùn títí tí yóò fi dàgbà.