Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ìwé Àṣẹ Físíotẹ́rápì

Ìwé àṣẹ, tí àwọn ènìyàn tún mọ̀ sí láísẹ́ǹsì, ni òfin fi ń gba ènìyàn láàyè láti ṣe iṣẹ́ físíotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí ń lo eré ìdárayá, ọwọ́ àti ooru láti dá agbára padà fún iṣan àti oríkèé tí àìsàn tàbí ìjàǹbá ti sọ di aláìlágbára. Ó yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ́, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ni ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú aláìsàn. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé yìí. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde yóò kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àmójútó àwọn àgbà iṣẹ́ náà, kí ó tó gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún, yóò sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ààbò aláìsàn ni ìdí òfin yìí, nítorí pé ìtọ́jú tí kò bójú mu lè ba oríkèé jẹ́ ju bí àìsàn ti bà á jẹ́ lọ.