Ẹ̀dà Chrome Mẹ́rin: Èwo Ló Yẹ Kó Wà Lórí Fóònù Yín?

Google Chrome wà lára àwọn áàpù tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ Google kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Mẹ́rin ló wà lórí Play Store, orúkọ wọn sì fara jọra. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè gbé èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò sórí fóònù tó fi ń fowó ránṣẹ́.

Àwọn ẹ̀dà náà

Canary: Èyí ni iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe, ó sì lè dẹnu kọlẹ̀ nígbàkigbà. Orúkọ ẹyẹ kékeré kan ni wọ́n fi pè é. Àwọn awakùsà èédú máa ń gbé ẹyẹ náà wọ inú ihò ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ dákú, àwọn èèyàn á sì tètè sá jáde. Ọdún 1986 ni wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Dev: Ó sàn ju Canary lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n àléébù ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Beta: Èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn tó ń lò ó máa ń rí ohun tuntun ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú gbogbo ayé.

Stable: Èyí ni wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún. Bí wàhálà kò bá yọjú, yóò wá kárí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni Stable tuntun máa ń jáde tẹ́lẹ̀. Láti orí Chrome 94, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n dín in kù sí mẹ́rin. Bí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ló rí: ọjọ́ ọjà kì í dúró de ẹni tí ẹ̀kọ rẹ̀ kò tíì jinná. Iṣẹ́ tí kò bá parí yóò dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Àtúnṣe tó jẹ mọ́ ààbò kì í dúró de ọjọ́.

Èwo ni kí ẹ lò?

Stable ni kí ẹ fi sórí fóònù tí áàpù báǹkì àti iṣẹ́ yín wà. Ẹ má sì kọ àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìdánwò: àtúnṣe Stable kì í ṣe ìdánwò, òun ló ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ dán Beta wò, ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stable lórí fóònù kan náà. Bó bá yọ ọ́, Stable kò ní bàjẹ́. Ti Android fúnra rẹ̀ yàtọ̀ o. Ẹni tó bá wọ ètò Beta ti Android, tó sì fẹ́ jáde kí ẹ̀dà náà tó parí, gbogbo ohun tó wà lórí fóònù ni yóò pa rẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán àti nọ́ńbà yín síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.