Ta Ló Rán Wọn Lọ Sínú Òkun?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá fẹ́ dáwó fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ, ṣé dandan ni kí ẹnìkan kọ́kọ́ bọ́ṣọ kó sínú òkun tútù kí àwa tó tọwọ́ bàpò? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo tú ìtàn wọn wò ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Òkun tí mò ń wí ni èyí tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní English Channel. Níbi tó ti tínrín jù, nítòsí èbúté Dover, ó tó kìlómítà 33. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi kì í jẹ́ kí òmùwẹ̀ lọ tààrà. Bó ti ń gbé e lọ ló ń gbé e bọ̀, ọ̀nà á sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọ̀hún tutù wọ egungun, nígbà ooru wọn pàápàá. Òfin wọn ni pé aṣọ ìwẹ̀ lásán ni kéèyàn wọ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e. Bí ebi bá ń pa á, wọn a na oúnjẹ sí i látinú ọkọ̀, bí ẹni ń bọ́ ẹja.

Matthew Webb, ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi, ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó wẹ̀ ẹ́ já láìsí ohun tó gbé e lé omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1875, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, ó fi wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 45 gúnlẹ̀ sí Calais. Òkìkí rẹ̀ kàn, wọ́n sì dáwó fún un. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe iyán, kì í yó ni títí. Webb bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwẹ̀ wówó kiri, títí ó fi kó sínú omi tó ń hó nísàlẹ̀ ibi tí omi Niagara ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ní oṣù keje ọdún 1883. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Kò jáde láàyè. Ó fi ìyàwó àti ọmọ 2 sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Gertrude Ederle, ọmọ alápatà kan ní New York. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1926, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wẹ òkun náà já. Wákàtí 14 ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló fi ṣe é. Ó fi nǹkan bíi wákàtí 2 yá ju ọkùnrin tó yára jù ṣáájú rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí mọ́tò pupa fún un. Àmọ́ àìsàn kan ti ba etí rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Nígbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ tó dití ní ìlúwẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, èyí dára ju mọ́tò lọ.

Ó wá kan aláwàdà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2006, David Walliams, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣàn, fi wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 34 wẹ Channel já. Owó tó ti ibẹ̀ wá lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ̀ka Comic Relief kan ni wọ́n kó o fún, ẹgbẹ́ tí àwọn aláwàdà dá sílẹ̀ ní 1985 nítorí ìyàn ilẹ̀ Ethiopia, tó sì ń ran àwọn òtòṣì lọ́wọ́, tọmọdé tàgbà, ní Bìrìtìkó àti ní Áfíríkà. Ní 2011 ó tún wẹ odò Thames, máìlì 140 ní ọjọ́ 8, títí dé Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù. Omi náà dá a lárùn lọ́nà, síbẹ̀ kò padà.

Kí wá ló kan òkun kan owó? Kò sí kọ́bọ̀ nínú omi o jàre. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á tọ ará àti ọ̀rẹ́ lọ, á ní: "Bí mo bá gúnlẹ̀, èló lẹ máa san fáwọn ọmọ yìí?" Nígbà tó bá gúnlẹ̀, tó ń gbọ̀n, ta ni yóò ní òun ò lówó mọ́? Ara rẹ̀ ló fi dógò.

Àwọn kan á ní eré àṣehàn ni. Bóyá ni. Àmọ́ ọmọ tébi ń pa kì í bèèrè bóyá wọ́n pàtẹ́wọ́ fẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá. Òun náà wà nínú òkun tirẹ̀: kò sí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí fún un.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àpótí ìdáwó àwọn ọmọ aláìlóbìí kọjá níwájú mi. Àjà ni mo gbójú sí, bí ẹni tó ń ka pákó. Kò sẹ́ni tó ní kí n lúwẹ̀ẹ́. Náírà díẹ̀ ni wọ́n ní kí n mú wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àpótí náà bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́nìkan bá kó sómi.