Ìtàn Àfòmọ́ -s Nínú Àsìkò Òní Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ Fún Olùkọ́

Ọ̀kan lára àṣìṣe tí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi bírò pupa sàmì sí nínú ìwé ọmọ Yorùbá ni "she go" dípò "she goes". Ọ̀pọ̀ a máa kà á sí àìfọkànsí. Ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n sọ títí di nǹkan bí ọdún 1100, ọ̀rọ̀-ìṣe a máa gba àfòmọ́ ìparí gẹ́gẹ́ bí olùwà bá ṣe rí. Ní gúúsù, àfòmọ́ ẹnìkẹta ẹyọ kì í ṣe -s, bí kò ṣe èyí tó di -eth nígbẹ̀yìn. Apá àríwá, ní Northumbria, ni -s ti kọ́kọ́ fara hàn. Àlùfáà Aldred, tó kọ ìtumọ̀ sí àárín ìlà èdè Látìnì nínú Ìwé Ìhìnrere Lindisfarne ní ọ̀rúndún kẹwàá, lo méjèèjì pọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, àmì ará àríwá ni -s jẹ́. Geoffrey Chaucer, tó kú ní ọdún 1400, fi í sẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti àríwá wá nínú ìtàn Reeve, kí àwọn ará gúúsù lè dá wọn mọ̀, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àfòmọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín yìí ti wọ Lọ́ńdọ̀nù. Shakespeare lo méjèèjì; Bíbélì ti Ọba James, tó jáde ní ọdún 1611, dúró lórí -eth. Ní ọdún 1643, Richard Hodges ṣàlàyé pé bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń kọ -eth, -s ni wọ́n ń pè lẹ́nu.

Iṣẹ́ àsìkò yìí náà yí padà. Láyé Shakespeare, òun nìkan tó láti sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìhun "be" pẹ̀lú -ing gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wá kù fún un jù lọ ni ipò, òtítọ́ gbogboogbò àti bárakú: "She sells cloth" ń sọ iṣẹ́ obìnrin kan, kódà bí obìnrin náà bá ń sùn lọ́wọ́.

Ibí ni ìṣòro ọmọ Yorùbá wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí olùwà: mo lọ, o lọ, ó lọ. Bákan náà, "Ó ń ta aṣọ" lè jẹ́ ìdáhùn sí "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" àti sí "Kí ló ń ṣe lọ́wọ́?" Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "She is selling cloth" fún méjèèjì ń tẹ̀lé òfin èdè abínibí rẹ̀ ni.

Èyí kò sọ pé kí olùkọ́ gbójú fo àṣìṣe, nítorí ìdánwò ń béèrè -s. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti inú ìbéèrè méjì yẹn bẹ̀rẹ̀, kí bírò pupa tó dé. Ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ẹ̀ka-èdè ìbílẹ̀ máa ń yọ -s yìí sílẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.