Ọgbà Tí Ará Ìlú Fi Ẹ̀bẹ̀ Gbà
Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Victoria Park kò ṣàdédé wà. Ní 1839, William Farr kọ ọ́ sínú ìròyìn ìjọba pé bí ọgbà ìtura bá wà ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, ikú yóò dínkù láàrin àwọn tálákà tí wọ́n há mọ́ra nínú yàrá tóóró. Ní 1840, nǹkan bí 30,000 ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria. Ní 1845, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn.

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru, tí àwọn ọmọ wa sì ń wà nínú fúláàtì látàárọ̀ dalẹ́, kò yẹ kí a máa wo irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí a kó wọn lọ síbẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.